Họ́dà fóònù inú mọ́tò: irinṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́

Láti ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM ti wọ Nàìjíríà, iṣẹ́ awakọ̀ kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Kó tó di ìgbà náà, inú gáréèjì ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí, tí yóò máa retí kí èrò kún ọkọ̀. Lóde òní, èrò kò tíì jáde nílé tí yóò ti pe dẹ́rẹ́bà sórí fóònù. Oníṣòwò tó fẹ́ kó ọjà láti Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ sí Ìkọ̀lé yóò kọ́kọ́ tẹ fóònù. Ẹni tó fẹ́ sanwó yóò fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, ẹni tí ilé rẹ̀ sì ṣòro láti rí yóò fi àpèjúwe ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí fóònù ṣe di ṣọ́ọ̀bù kejì fún ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun nìyẹn.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ibo ni ṣọ́ọ̀bù yìí ń wà nígbà tí mọ́tò bá ń lọ? Àwọn kan ń gbé e sórí itan. Àwọn mìíràn ń gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù láìsí ohun tó dì í mú. Àwọn tó kù ra họ́dà olówó pọ́ọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n fi mọ́ gíláàsì, ó di ọ̀sẹ̀ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Bí táyà bá wọ kòtò kan báyìí, fóònù ti fò lọ sábẹ́ ìjókòó nìyẹn, dẹ́rẹ́bà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti wá a nígbà tí mọ́tò ṣì wà lórí eré. Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú.

Ohun tó yẹ kó yé gbogbo ẹni tó ní mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ ajé ni pé họ́dà fóònù kò yàtọ̀ sí jáàkì àti táyà ìpamọ́. Irinṣẹ́ ni. Ẹni tó ni mọ́tò ló yẹ kó rà á, òun náà ló sì yẹ kó rí i dájú pé ó dúró digbí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Ọ̀yẹ́ àti agbègbè rẹ̀

Ìlú tí iṣẹ́ ọkọ̀ ti ń mówó wọlé ni Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Orí ọ̀nà ńlá tó ti Adó-Èkìtì wá, tó gba Ìfàkì kọjá, tó sì ń lọ sí Ìkọ̀lé àti Òmùò kó tó wọ ìpínlẹ̀ Kogí, ni ìlú náà wà. Lọ́dún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀. Ọgbà rẹ̀ kan wà ní Ọ̀yẹ́, òmíràn wà ní Ìkọ̀lé, lílọ bíbọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ láàárín ìlú méjèèjì sì ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun. Ní Ìdó-Èkìtì, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ẹbí aláìsàn sì máa ń háyà ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Ti àwọn tó ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti Ayédé, Ìtapá àti Ìlúpéjú tún wà lọ́tọ̀.

Iṣẹ́ náà kò jọ ti Èkó tán. Ní Èkó, Uber dé lọ́dún 2014, Taxify tó yí orúkọ padà sí Bolt lọ́dún 2019 náà sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń pín iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀ wọ̀nyẹn, àwòrán ọ̀nà sì wà lójú fóònù látìbẹ̀rẹ̀ dópin ìrìnàjò. Ní àwọn ìlú bíi Ọ̀yẹ́, nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà ni oníbàárà ń tọ́jú pamọ́. Ìpè tí dẹ́rẹ́bà kò gbé, iṣẹ́ tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ kò fi ń kúrò lára fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé kò dára.

Ìrè-Èkìtì, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ògún, kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́. Inú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni ìlú méjèèjì wà. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ irin ṣeré, ìbáà jẹ́ oníṣẹ̀ṣe tàbí ẹlẹ́sìn mìíràn ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé irin tó ń sáré kò mọ olówó, kò sì mọ tálákà. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù nígbà náà kò tíì yí padà. Ohun tuntun tó kàn wọ inú ọkọ̀ ni fóònù.

Ìṣírò tí kò le

Mọ́tò tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin bíi mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹrí ba fún ìṣẹ́jú àáyá 3 péré láti wá fóònù tó já bọ́, mọ́tò ti rin mítà 66 láìsí ojú tó ń wo iwájú. Ìyẹn ju ìdajì pápá bọ́ọ̀lù lọ. Nínú ìwọ̀n yẹn, ewúrẹ́ lè já sójú títì, ọmọ ilé-ìwé lè sọdá, ọ̀kadà lè yọ láti ọ̀nà oko. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé awakọ̀ tó ń lo fóònù fi bíi ìlọ́po 4 súnmọ́ ìjàǹbá ju ẹni tí kò lò ó lọ. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Dẹ́rẹ́bà tí ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, kí ni yóò fi ṣọ́ orí tirẹ̀ àti ti èrò?

Apá ti owó náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, dọ́là sì gbówó lórí gidigidi. Ilẹ̀ òkèèrè ni fóònù àti gíláàsì ojú rẹ̀ ti ń wá, nítorí náà iye wọn bá a lọ sókè. Fóònù tó fọ́ kì í ṣe nǹkan tí dẹ́rẹ́bà lè fi èrè ọjọ́ kan tún ṣe mọ́. Nọ́ńbà àwọn oníbàárà ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ ló ti ń gba owó báńkì, inú rẹ̀ ló ti ń mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí fóònù bá fi wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe, àwọn oníbàárà á ti rí dẹ́rẹ́bà mìíràn pè. Bí wọ́n bá fi gbogbo èyí wé iye họ́dà tó dára, yóò hàn pé ẹni tó sá fún owó họ́dà kò rí owó kankan fi pamọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́?

Àwọn kan yóò béèrè pé, nígbà tí òfin kò fẹ́ kí awakọ̀ lo fóònù, kí ni họ́dà wà fún? Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu. Lílo fóònù nígbà ìwakọ̀ wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, ń gba owó ìtanràn lé lórí. Họ́dà kì í ṣe ìwé àṣẹ láti máa tẹ fóònù lórí eré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú fóònù kúrò lọ́wọ́ àti lórí itan, kó wà lójú kan títí mọ́tò yóò fi dúró. Ẹni tó fẹ́ dáhùn ìpè, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó dúró dáadáa, kó tó sọ̀rọ̀. Kódà ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìfọwọ́ kan fóònù, ọkàn rẹ̀ ti pín sí méjì.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí. Lọ́dún 2003 ni wọ́n ti fòfin de dídi fóònù mú lọ́wọ́ fún ìpè nígbà ìwakọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n mú òfin náà le sí i, débi pé ẹni tó di fóònù mú láti ya fọ́tò tàbí láti yí orin padà náà ti rú u. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 200 pọ́n-ùn, pẹ̀lú àmì 6 lórí ìwé ìwakọ̀. Síbẹ̀, òfin kan náà gbà kí fóònù wà nínú họ́dà láti máa júwe ọ̀nà, bí kò bá ti dí awakọ̀ lójú. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wa ọkọ̀ èrò ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé họ́dà tí kò dúró lè mú wọn na ọwọ́ sí fóònù, ọwọ́ tó sì di fóònù mú lè gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Ìdí tí họ́dà fi ń já bọ́

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni onírọ́bà tó ń fà mọ́ gíláàsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé rọ́bà náà ló ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde, afẹ́fẹ́ ìta ló sì ń tì í mọ́ ibẹ̀. Agbára afẹ́fẹ́ yìí tó bíi kílò 1 lórí àyè tó jẹ́ ṣẹ̀ǹtímítà 1 níbùú àti lóròó. Rọ́bà tó fẹ̀ tó ṣẹ̀ǹtímítà 6 yẹ kó lè di ohun tó ju kílò 20 lọ mú, bẹ́ẹ̀ fóònù fúnra rẹ̀ kò sábà ju ìdá mẹ́rin kílò kan lọ.

Kí ló wá ń já a? Eruku ni àkọ́kọ́. Ní àkókò ọyẹ́, eruku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń bo gíláàsì láàárín òru ọjọ́ kan. Ẹyọ eruku kan péré tó bá wà létí rọ́bà, afẹ́fẹ́ á rí ọ̀nà wọlé díẹ̀díẹ̀, tó bá sì ti kún inú rẹ̀ tán, họ́dà á tú. Èkejì ni òróró tí wọ́n fi ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù dán. Ibi tí òróró yìí bá kàn, kò sí rọ́bà tàbí gọ́ọ̀mù tó lè dúró níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni oòrùn, tó ń mú kí rọ́bà gan, kó sì máa ká sókè létí. Ẹ̀kẹrin ni pé àwọn kan ń fi irú họ́dà yìí mọ́ orí dáṣíbọ́ọ̀dù tó rí háráhárá, nígbà tó jẹ́ pé orí ohun tó dán bíi gíláàsì ni wọ́n ṣe é fún.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ ojú gíláàsì náà, kí wọ́n fi sípírítì nù ún, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ. Kí wọ́n fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ rọ́bà náà, kó gbẹ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ọwọ́ fà á wò kí wọ́n tó gbé fóònù lé e. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tú u, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n tún un tẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé etí rọ́bà ti ń sán, kí wọ́n ra òmíràn.

Oríṣi kejì ni oní-gọ́ọ̀mù. Ìkánjú ló ń ba ti èyí jẹ́. Ilé iṣẹ́ 3M ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣe gọ́ọ̀mù alágbára tí wọ́n ń pè ní VHB, sọ pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́, bí ìdajì agbára rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó di wákàtí 24 kó tó tó ìdá 90 nínú 100, ó sì di wákàtí 72 kó tó pé. Bẹ́ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ tí ọ̀pọ̀ bá lẹ̀ ẹ́ tán ni wọ́n ń gbé fóònù lé e, tí wọ́n sì ń bọ́ sójú ọ̀nà. Bó bá já, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ ní alẹ́ Sátidé, tó jẹ́ kó sinmi di àárọ̀ Ajé, yóò rí ìyàtọ̀.

Oríṣi kẹta ni èyí tí wọ́n ń há mọ́ ojú ibi tí éésì ti ń fẹ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tútù ń bá fóònù mú ooru rẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, ọ̀rá lílẹ tó wà lójú éésì ti gbẹ, fóònù ńlá lè ṣẹ́ ẹ. Èyí tó ní ìkọ́ irin tó ń di ẹ̀yìn ojú éésì mú dára ju èyí tó kàn ń fi ẹnu gé e lọ. Ti olóòfà náà wà. Òun ló rọrùn jù láti gbé fóònù sí, ṣùgbọ́n páálí fóònù tó bá nípọn máa ń dín agbára òòfà kù, kòtò kan ṣoṣo á sì já a.

Ohun kan kan gbogbo wọn: bí apá họ́dà bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe máa mì tó. Ẹni tó bá na ọwọ́ gbọọrọ síwájú láti gbé garawa omi mọ bó ṣe ń rí. Ẹni tó gbé e mọ́ra kò ní wàhálà. Apá kúkúrú ló yẹ ojú ọ̀nà tó ní gálọ́pù.

Ibi tí wọ́n fi sí náà ṣe pàtàkì. Ìsàlẹ̀ gíláàsì ní ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà ló dára, níbi tí kò ti ní dí ọ̀nà lójú. Kí wọ́n má fi sí orí ibi tí airbag ti ń jáde láéláé. Láàárín ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá kan ni airbag fi ń bú jáde, ohunkóhun tó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀ yóò di òkò tó ń bọ̀ wá bá èèyàn lójú.

Ooru àti ọ̀kadà

Kò yẹ kí fóònù dúró nínú họ́dà tí wọ́n bá páàkì mọ́tò sínú oòrùn. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà Stanford ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2005 fi hàn pé ooru inú mọ́tò tí wọ́n páàkì lè fi bíi ìwọ̀n 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju ti ìta lọ láàárín wákàtí kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ Apple kìlọ̀ pé kí wọ́n má lo iPhone níbi tí ooru bá ti ju 35 lọ, kí wọ́n má sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó ju 45 lọ. Ọ̀sán Ọ̀yẹ́ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, tí gíláàsì mọ́tò wà ní títì pa, yóò kọjá ìyẹn. Bátìrì ló ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé ọjà fún oníbàárà náà ní tiwọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Apple kìlọ̀ pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì alùpùpù ńlá lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́ bí wọ́n bá ń dè é mọ́ ọwọ́ alùpùpù fún ìgbà pípẹ́. Oníṣòwò tó ń fi kámẹ́rà fóònù polówó ọjà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi fóònù kan náà júwe ọ̀nà lórí ọ̀kadà. Kó wà nínú àpò, kí ẹni tó gùn ún dúró kó tó wò ó.

Ọ̀gá tó ń pe dẹ́rẹ́bà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń bínú sí dẹ́rẹ́bà tó ń lo fóònù lórí eré, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń pè é. Ọjà ti kúrò ní Ìkọ̀lé, kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀gá á pè: ibo lo dé? Bí kò bá gbé e, á tún pè. Bó bá padà dé, èébú ló máa bá pàdé pé kò gbé fóònù. Dẹ́rẹ́bà tí wọ́n ti bú lẹ́ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìbáà jẹ́ orí afárá ló wà, yóò gbé e. Kò sí họ́dà tó lè wo irú ìyẹn sàn.

Ó yẹ kí ọ̀gá àti dẹ́rẹ́bà jọ ṣe àdéhùn. Kí dẹ́rẹ́bà pè kó tó gbéra, kó tún pè tó bá dé. Láàárín méjèèjì, kí ọ̀gá mú sùúrù. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, kó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, dẹ́rẹ́bà á kà á níbi tó bá ti dúró. Kí àwọn oníbàárà náà mọ̀ pé ìpè tí wọn kò gbé kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó fún èèyàn ní mọ́tò láti máa dá owó wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó ra họ́dà sínú rẹ̀ kó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, kó sì fi kún ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò láàárọ̀: omi, ọ́ìlì, táyà, búréèkì, họ́dà.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń ta ohun èlò fóònù pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wọn ń ta họ́dà bí ẹni ta bisikíìtì: gba owó, fún un ní páálí, ó parí. Ẹni tó bá lè jáde lọ sídìí mọ́tò oníbàárà pẹ̀lú sípírítì àti aṣọ tó mọ́, tó bá a fi sí i, tó sì sọ fún un ìgbà tó yẹ kó gbé fóònù lé e, yóò lè gba owó iṣẹ́ lórí owó ọjà. Oníbàárà yẹn kò ní dá a padà, yóò sì mú ẹlòmíràn wá. Ní ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọ ara wọn, ìyẹn ju ìpolówó lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Owó họ́dà tó dára kéré sí owó gíláàsì fóònù, owó gíláàsì fóònù kéré sí owó bọ́ńpà mọ́tò, owó bọ́ńpà mọ́tò kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí èèyàn. Kí oníṣòwò kọ́kọ́ san èyí tó kéré jù nínú wọn, kó má bàa di pé èyí tó tóbi jù ló máa bi í léèrè.